Sàráà fún Ẹnu tí Kì í Sọ̀rọ̀

Gbogbo ohun tó ń gbé inú ilé wa ní Moshie Zongo, ní Kumasi nílẹ̀ Ghana, ló ní ohùn. Kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa ni ladáàní ti máa ń pe ìrun, tí àwọn àkùkọ yóò gbà á lẹ́nu rẹ̀, tí ike omi yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọlu ara wọn nídìí ẹ̀rọ omi. Bàbá mi, tó ń ta àwo tánńganran ní ọjà Kejetia, á máa to ọjà rẹ̀ sínú páálí, àwọn àwo náà á máa dún gbangan-gbangan. Bó bá di ọ̀sán, Maa Akosua, ayálégbé wa tó jẹ́ ọmọ Asante, á gbé odó fùfú síta, òun á máa yí i, ọmọ rẹ̀ á máa gún un. Àgbò tí à ń sìn de Iléyá ò sì mọ ohun tó ń jẹ́ sùúrù. Bó bá ti gbọ́ ìró ọ̀bẹ lára èèpo iṣu báyìí, ariwo dé nìyẹn. Ọdún tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí ni irú ẹranko kan wọ inú ilé náà tí kò ní ohùn rárá. Mo rò pé òun ló kọ́ mi láti máa fi ojú wo nǹkan, nítorí ohun tí kò bá ké, ojú nìkan lèèyàn lè fi gbọ́ ọ.

Bàbá mi ló rà wọ́n. Mo ti ka kéú dé ibi tí àfáà wa ní mákáráńtà, ilé kéú wa, ti ní kí àwọn òbí mi wá ṣe àdúrà fún mi, àwọn ọmọ ẹlẹgbẹ́ mi tí wọ́n sì ti ṣe tiwọn ṣáájú mi ti gba bàtà, òmíràn gba aago ọwọ́. Bàbá tèmi lọ sí Tafo, ó wọ trotro padà tòun ti apẹ̀rẹ̀ lórí itan, nígbà tó sì ṣí i, ehoro méjì ló wà níbẹ̀, akọ dúdú àti abo funfun tí etí rẹ̀ kan pọ́n ràkọ̀ràkọ̀. Ó ní obìnrin kan kò jẹ́ kí òun gbádùn nínú ọkọ̀, ó ń bi òun léèrè bóyá àbùnúbùnù, ọbẹ̀ eléwé àwọn Asante, ni òun fẹ́ fi wọ́n sè. Orúkọ wọn dá àríyànjiyàn sílẹ̀ nínú ilé. Àwa ń pè é ní ehoro, àwọn Hausa ẹ̀yìnkùlé wa ní zómò ni, Maa Akosua ní láti ìgbà tí ayé ti dáyé, adanko ni wọ́n ń pè é ní Kumasi. Ìyá Àgbà, ìyá tó bí bàbá mi, ló parí ìjà. Ó ní kí akọ máa jẹ́ Zómò, kí abo máa jẹ́ Adánkó, kí oníkálukú ní tirẹ̀ nínú ilé, kí á sì dákẹ́.

Ìyá Àgbà ló ni ọgbà tó wà lẹ́yìn ilé ìwẹ̀ wa. Kò tóbi, ṣùgbọ́n kò sí ohun tí kò sí níbẹ̀: tẹ̀tẹ̀, ewúro, efínrín, tòmátì tí wọ́n fi igi gbé ró, ànàmọ́ tó ń fà kiri ilẹ̀, àti kókò tí ewé rẹ̀ fẹ̀ bí àtẹ níbi tí omi ìwẹ̀ ń gbà kọjá. Ó mọ àgbò sìn ju gbogbo obìnrin àdúgbò lọ, kò sì sí ọdún tí àgbò wa kì í sanra. Nítorí náà, nígbà tí mo bi í pé kí ni ehoro ń jẹ, kò ronú lẹ́ẹ̀mejì. Ó ní, "Ohun tí àgbò bá jẹ ni yóò jẹ. Àgbò kékeré ni." Bẹ́ẹ̀ la ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í gé èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀ fún wọn, èèpo iṣu, èèpo ẹ̀gẹ́, àti ewé yòówù tí ọwọ́ bá tó. Lónìí, ọmọ mi á fi ìka kan tẹ fóònù, fóònù á sì sọ fún un pé àgbò máa ń pọ oúnjẹ rẹ̀ padà wá jẹ lẹ́ẹ̀kejì, àti pé ehoro ní tirẹ̀ kò lè gùfẹ̀, kò sì lè bì, ohun tó bá ti gbé mì ti di tirẹ̀ nìyẹn. Ilé wa kò mọ èyí. Àgbò la mọ̀, àgbò la sì fi wọ̀n wọ́n.

Ká ní ó mọ sí èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni, bóyá ọ̀rọ̀ ì bá má le. Sàráà ló dá a sílẹ̀. Ní àdúgbò wa, ọjọ́ Jímọ̀ ni ọjọ́ sàráà: ẹni tó ní mósà á gbé e fún àwọn ọmọ mákáráńtà, ẹni tó ní ṣúgà á pín in. Hàjíà Màímúnà, àgbà obìnrin tó wà ní ìkángun òpópónà wa, ní àníyàn kan tí gbogbo wa mọ̀. Ọmọ rẹ̀ obìnrin lóyún, oyún ti bọ́ lára rẹ̀ rí, ẹ̀rù sì ń ba Hàjíà kí èyí má baà tún bọ́. Àfáà tó lọ bá ní kí ó máa fi ohun tútù ṣe sàráà fún ẹnu tí kì í sọ̀rọ̀. Hàjíà wò yíká àdúgbò, ó rí ehoro mi. "Àgbò ń ké, ewúrẹ́ ń ké," bó ṣe sọ fún Ìyá Àgbà nìyẹn, "ṣùgbọ́n eléyìí dé, koraa, kì í sọ nǹkan kan. Wallahi, òun gan-an ni àfáà ń wí." Ó gé ewé inú ọgbà tirẹ̀ ní ìdì ńlá kan, ó rù ú wá. Àwọn ará ilé tó kù rí i, wọ́n ní àwọn náà fẹ́ láádá. Kó tó di pé a mọ̀, ewé ti ga ju àgò ehoro lọ ní gbogbo ọjọ́ Jímọ̀: ewé kókò, ewé tòmátì tí wọ́n gé dànù, ewé máńgòrò, ewé òdòdó tó ṣe ọgbà yí ilé ẹnìkan ká, gbogbo rẹ̀ pọ̀ mọ́ra, ìrì sì wà lára wọn. Inú mi dùn bí ẹni ń wo ọjọ́ ọdún. Kò sí ọmọ mìíràn tí gbogbo àdúgbò ń bọ́ ẹran rẹ̀.

Ní àárọ̀ ọjọ́ Sátidé kan, mo bá Zómò ní ìdùbúlẹ̀, ikùn rẹ̀ le bí bọ́ọ̀lù. Adánkó jókòó sí igun kejì, kò wò ó. Bàbá mi wá, ó fi ẹsẹ̀ ti àgò náà díẹ̀, ó ní, "Ó ti di òkúǹbete." Gbogbo ẹran tó bá kú fúnra rẹ̀, tí ọ̀bẹ kò kàn án lọ́rùn pẹ̀lú orúkọ Ọlọ́run, òkúǹbete ni lójú wa, kò sí ẹni tí yóò jẹ ẹ́. Bàbá mi gan-an ni wọ́n máa ń pè láti dúńbú àgbò fún ìdajì òpópónà wa nígbà Iléyá, ọ̀bẹ rẹ̀ kì í kú, kò sì sí ohun tó ń dùn ún tó ẹran tó ṣòfò. Ó wa ilẹ̀ lẹ́yìn ọgbà, ó sin Zómò, ó wá yíjú sí wa. Ó ní, "Mo sọ ọ́ fún gbogbo yín o. Bí ara abo yẹn ò bá ti yá, bó ti wù kó kéré mọ, ẹ pè mí kíá. Èmi ò ní jẹ́ kí ìyẹn náà ṣòfò." Ó ṣàánú mi, mo rí i lójú rẹ̀, ṣùgbọ́n kò yí ọ̀rọ̀ náà padà. Láti ọjọ́ náà lọ ni mo ti mọ̀ pé kì í ṣe àìsàn nìkan ló ń ṣọ́ Adánkó. Ọ̀bẹ bàbá mi náà ń ṣọ́ ọ, ọ̀bẹ sì máa ń yára ju àìsàn lọ.

Mo sunkún, ṣùgbọ́n ohun tó gbà mí lọ́kàn ju ẹkún lọ ni pé mo fẹ́ mọ èyí tó pa á. Mo lọ tú òkìtì ewé náà. Èyí tí wọ́n jẹ ti kúrò níbẹ̀, igi rẹ̀ ló kù. Èyí tí wọn kò fẹ́ ṣì wà ní odidi. Ìyá Àgbà bá mi níbẹ̀, ó káṣọ sókè, ó jókòó sórí àpótí, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í bá mi ṣà á. Ewé máńgòrò pé. Ewé òdòdó, wọ́n ti gé e jẹ díẹ̀. Ti kókò, igi nìkan ló kù.

"Ìyá Àgbà, ṣebí a jẹ kókò lánàá?"

"A jẹ ẹ́."

Maa Akosua tó ń fọ àwo lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa dá sí i. "Kontomire deɛ, ɛyɛ paa," ó ní, "ó dára gan-an, kò sí ohun tó ń ṣe ewé kókò. Òun ni mo fi tọ́ gbogbo ọmọ mi."

Mo ní, "Kí ló dé tí kò ṣe wá ní nǹkan kan?"

Ìyá Àgbà ní, "Mo sè é ni." Lẹ́yìn náà ló ń wo igi ewé tó wà lọ́wọ́ rẹ̀, bí ẹni pé ẹlòmíràn ló sọ ọ̀rọ̀ náà fún un. Ó já ewé kókò tútù bíńtín, ó ní kí n fi ṣóńṣó ahọ́n kàn án, kí n sì tutọ́ dànù. Mo fi kàn án. Ká tó wí, ká tó fọ̀, ahọ́n mi ti ń yún mí bí ẹni pé èèrà ń rìn lórí rẹ̀, Ìyá Àgbà sì sáré fún mi ní epo pupa lá. Ó ní, "O rí i bí? Ìdajì ohun tí à ń jẹ, iná ló ń bá wa kápá rẹ̀. Ta ni yóò bá ehoro dáná?" Títí dòní, mi ò lè búra pé kókò ló pa Zómò. Ó lè jẹ́ ewé tòmátì, ó lè jẹ́ òdòdó yẹn, ó sì lè jẹ́ pé àpọ̀jù ewé tútù ló fẹ́ ikùn rẹ̀. Ọ̀pọ̀ oògùn ní í ru ọmọ gàlègàlè, bẹ́ẹ̀ ni àwọn àgbà ń wí. Ṣùgbọ́n ìbéèrè Ìyá Àgbà yẹn kò kúrò lọ́kàn mi. Mi ò tíì ronú rí pé iná ń bá wa jẹun kí oúnjẹ tó dé ẹnu wa.

Àwa méjèèjì wá dá ètò kan sílẹ̀. Koríko gbígbẹ ni yóò máa jẹ́ oúnjẹ Adánkó gan-an, nítorí kò sí ẹni tó tíì rí koríko gbígbẹ tó pa ẹran. Ewé tuntun ní tirẹ̀, ẹyọ kan ṣoṣo la ó máa dán wò, díẹ̀, lẹ́yìn ìrun Mọ̀gàríbà. Bí a bá kírun Àsùbáà tán, n ó lọ wo ìgbẹ́ rẹ̀. Bó bá rí roboto, tó gbẹ, ewé náà yege. Bó bá rọ̀, tàbí tó kéré, a kò ní fún un mọ́. Mo gbádùn iṣẹ́ yìí ju bí mo ti gbádùn eré òṣùpá lọ. Ọmọ tí wọ́n máa ń fa ẹ̀wù rẹ̀ kó tó dìde fún Àsùbáà di ẹni tó ń jí Ìyá Àgbà. Ewé ànàmọ́ yege. Efínrín yege, bó bá jẹ́ ẹ̀ka kékeré kan. Tẹ̀tẹ̀ yege bí kò bá pọ̀. Ewúro, ó gé e jẹ lẹ́ẹ̀kan, ó wò mí, ó sì yípadà. Tòmátì àti òdòdó, Ìyá Àgbà kò tilẹ̀ jẹ́ kí á dán wọn wò. Ó ní ẹni tí ẹranko rẹ̀ ku ẹyọ kan kì í ta tẹ́tẹ́. Yúnyún ló fẹ́ràn jù, ewé olódòdó yẹ́lò tó ń hù lẹ́bàá ọ̀nà, tí a ti máa ń fà tu dànù látọjọ́ tó pẹ́. Kì í ṣe gbogbo ibi la ti ń já a, nítorí aládùúgbò wa kan máa ń fín oògùn kòkòrò sí oko rẹ̀. A jìnnà sí ibẹ̀. Ohun tí a bá já, a ó fọ̀ ọ́, a ó tẹ́ ẹ sórí ajọ̀ àlòkù kí omi ara rẹ̀ gbẹ, kó rọ díẹ̀, kí á tó fún un.

Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó sọ fún Hàjíà Màímúnà. Ohun tó ń dà mí láàmú nìyẹn lónìí tí èmi náà ti dàgbà: a mọ gbogbo ohun tí ehoro ń jẹ, a kò sì lè la ẹnu sọ gbólóhùn kan fún obìnrin kan. A kì í dá sàráà padà sí ẹni tó mú un wá lọ́wọ́, pàápàá sàráà orí ọmọ aboyún. Ó dà bí ẹni pé èèyàn ṣépè fún un. Bí Hàjíà bá gbé ìdì ewé rẹ̀ dé ní ọjọ́ Jímọ̀, Ìyá Àgbà á fi ọwọ́ méjèèjì gbà á, á ṣe àdúrà gígùn, á ní bí oòrùn bá rọ̀ ni òun yóò fún ehoro. Hàjíà á ní àmín, àmín. Bó bá ti yà ní kọ̀rọ̀, àgbò ló ń jẹ ẹ́. Àgbò ọdún náà sanra débi pé kò lè dìde dáadáa.

Ọgbọ́n yẹn kò tọ́jọ́. Ní ọjọ́ Jímọ̀ kan, èmi àti Ìyá Àgbà wà ní mọ́sáláṣí, Hàjíà dé. Maa Akosua ló ṣílẹ̀kùn fún un, ó sì fún un ní àga. Maa Akosua sọ fún wa lẹ́yìn náà pé òun kò lè dá a dúró, pé Hàjíà ní oṣù ọmọ òun ti pé, pé òun fẹ́ fi ojú ara òun rí i kí sàráà náà wọ ẹnu lónìí. Hàjíà ṣí àgò, ó ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ já ewé kókò fún Adánkó, ó ń ṣàdúrà sí ewé kọ̀ọ̀kan. Ìgbà tí a fi dé, ó ti lọ. Igi ewé ló kù nílẹ̀.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, Adánkó ká ara jọ, etí rẹ̀ wálẹ̀, imú rẹ̀ tí kì í sinmi kò mì dáadáa. Kò sí ìgbẹ́ kankan nínú àgò, ikùn rẹ̀ sì ti ń le. Mi ò pe bàbá mi. Òun fúnra rẹ̀ ló rí bí a ṣe dúró, ó wọlé, ó mú ọ̀bẹ jáde.

Ó ní, "Ráfí, bọ́ sẹ́yìn."

Mo di ilẹ̀kùn àgò mú.

Ìyá Àgbà ní, "Súlè, jókòó."

"Ìyá, ṣé ẹ fẹ́ kó di òkúǹbete ni? Ẹ jẹ́ kí n ṣe é nígbà tí ẹ̀mí ṣì wà lára rẹ̀."

"Ẹ̀mí wà lára rẹ̀ ni mo fi ní kí o jókòó. Jẹ́ kí á kírun Àìlà ná."

Kò sí bí ọkùnrin ṣe lè dàgbà tó nílé wa tí yóò dúró bí ìyá rẹ̀ bá ní kó jókòó. Bàbá mi jókòó sórí páálí àwo rẹ̀, kò lọ sọ́jà. Ìyá Àgbà kó gbogbo ewé kúrò, ó tẹ́ koríko gbígbẹ, ó gbé omi síwájú rẹ̀. Ó ní kí n gbé Adánkó sórí itan, kí n máa fi ìka rọra pa á níkùn, kí n tún gbé e sílẹ̀ kó rìn díẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe. Ọkàn rẹ̀ ń lù kì-kì-kì lábẹ́ ọwọ́ mi. Odó Maa Akosua kò dún ní gbogbo àsìkò náà. Ó dúró tì wá, ó ká ọwọ́ lérí. Wọ́n pe Àìlà, wọ́n kí i tán, kò sí àyípadà. Bàbá mi dìde, ó wá dúró lórí mi. Mo gbójú sókè, mo bi í pé, "Bàbá, ṣé ó ti kú ni?"

"Kò tíì kú."

"Ṣé ẹ mọ̀ pé yóò kú?"

Ó na ọ̀bẹ sí mi, èèkù rẹ̀ sọ́dọ̀ mi, ó ní, "Lọ fi í síbi tí mo ti mú un." Mo ní bó bá wá kú ńkọ́. Ó ní, "Bó bá kú, ó kú náà nìyẹn." Ẹni tí kò bá mọ bàbá mi kò lè mọ bí ọ̀rọ̀ yẹn ti wúwo tó lẹ́nu rẹ̀. Mo ti rí i tó fún mi ní ọ̀pọ̀ nǹkan lẹ́yìn ìgbà náà, mi ò rò pé ìkankan nínú wọn tó ìyẹn.

Kí wọ́n tó pe Aláásárì, Adánkó sọ ìgbẹ́ sílẹ̀, kékeré, ó gùn tíínrín, lẹ́yìn náà ló sọ òmíràn. Gbogbo wa bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, orí wa fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ara wọn, à ń wo ìgbẹ́ ehoro bí ẹni rí góòlù. Ó sì na imú sí koríko gbígbẹ. Bàbá mi ní Alhamdulillahi. Maa Akosua ní, "Yoo, ɛyɛ," ó sì padà sídìí odó rẹ̀.

Ìyá Àgbà wé gèlè lọ́jọ́ náà gan-an, ó mú mi lọ́wọ́, a lọ sọ òótọ́ fún Hàjíà. Ó sọ gbogbo rẹ̀, títí dórí àgbò. Hàjíà gbọ́ ọ tán, ó ní, "Nígbà náà, ẹ kò gba sàráà mi." Ìyá Àgbà ní, "A gbà á. Ẹnu mi ni kò gbà á láti sọ pé kò bá ikùn rẹ̀ mu. Ẹ má bínú." Hàjíà kò sìn wá jáde. Kò pẹ́ sígbà náà la gbọ́ pé ọmọ rẹ̀ bímọ, pé ọmọ tuntun náà kò dúró. Mo rò pé yóò ní àwa la fà á. Ìyá Àgbà lọ kí i, ó padà dé, kò sọ ohun tí wọ́n bá ara wọn sọ. Ọjọ́ Jímọ̀ dé, ó kọjá, òmíràn tún dé, ó kọjá, a kò rí Hàjíà.

Lẹ́yìn náà, ní ọjọ́ Jímọ̀ kan tí a kò tilẹ̀ retí rẹ̀ mọ́, ó kágò lẹ́nu ọ̀nà. Kò ru ìdì. Ewé ìkúnwọ́ kan ló wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó wá síwájú mi, èmi ọmọ kékeré, ó ṣí ọwọ́ náà, ó ní, "Ráfí, bá mi wò ó. Èwo ló ń jẹ níbẹ̀?" Mo yọ ewé kan sọ́tọ̀, mo fi yúnyún sílẹ̀ fún un, mo sọ fún un pé ó ti gbẹ dáadáa. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níwájú àgò. Mi ò lè pa ẹnu mọ́, mo bi í pé, "Hàjíà, ṣé àfáà tún ní kí ẹ máa mú un wá ni?"

Ìyá Àgbà wò mí bí ẹni tó fẹ́ gbá mi létí. Hàjíà kò bínú. Ó ní, "Àfáà kò rán mi. Ohun tí mo torí rẹ̀ ń bẹ Ọlọ́run, Ọlọ́run ti gbà á padà. Mo kàn jókòó sílé láàárọ̀ yìí, mo rí i pé mo ń ronú bóyá ẹran yẹn ti jẹun."

Adánkó ti wá sẹ́nu àgò. Hàjíà na ewé kan sí i, ó sì tẹ orí wálẹ̀ kó lè rí ẹnu rẹ̀ dáadáa bó ṣe ń jẹ ẹ́.